Ajá Bàbá Tíṣà àti Ìdọ̀bálẹ̀ Ará Kétu

Ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbọ́ Faransé lẹ́nu mi ní Ìbàdàn, tí ó sì ṣe ohun tí mo ní kí ó ṣe, ajá ni. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí olùkọ́ máa sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí síta, pàápàá olùkọ́ tí wọ́n torí Faransé nìkan gbà sí iṣẹ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Bí mo bá ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi jókòó, wọ́n á dìde. Bí mo bá ní kí wọ́n dìde, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ajá yìí ní tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ní kí ó jókòó, ó fi ìdí lélẹ̀, ó gbójú sókè, ó ń retí ẹ̀kọ́ tó kàn.

Kétu ni mo ti wá, ní ilẹ̀ Dàhòmì, níbi tí àwọn Faransé ti ṣe ìjọba lé wa lórí títí a fi gba òmìnira. Bí mo ṣe dé Ìbàdàn kò ní ìtàn. Ọ̀nà jìn, eruku pọ̀, ó tán. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló ní ìtàn. Mo jáde sí Dùgbẹ̀, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé gogoro kan nígbà náà, mo fẹ́ kọjá títì. Ní ọ̀dọ̀ wa, apá ọ̀tún ni mọ́tò ń gbà. Ní Nàìjíríà ìgbà náà, apá òsì ni. Mo wo apá òsì bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, n kò rí nǹkan kan, mo bá gbẹ́sẹ̀. Mọ́tò kan já láti apá ọ̀tún, ó sì ku ìwọ̀n ìka kan kí ó gbá mi. Awakọ̀ náà yọ orí síta, ó bú mi, ó bú bàbá mi, ó béèrè bóyá ojú tí mo gbé wá láti ilé kò pé. Ohun tó yà mí lẹ́nu ju ikú tó yẹ̀ lórí mi lọ ni pé gbogbo èébú náà ló yé mi. Mo ti rìn dé ìlú onílùú, wọ́n sì ń bú mi ní èdè ìyá mi.

Ìyẹn gan-an ni ìṣòro mi. Ẹni tó lọ sí ìlú òyìnbó mọ̀ pé àlejò ni òun. Awọ ara rẹ̀ ti sọ fún un kí ó tó la ẹnu. Èmi kò mọ ohun tí mo jẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì á di ọwọ́ mi mú, wọ́n á ní ọmọ ìyá kan ni wá, pé ilé Odùduwà kan náà ni a ti jáde. Bó bá di ọjọ́ Ajé, wọ́n á máa pè mí ní Ègùn. Màá ṣàlàyé pé ará Kétu kì í ṣe Ègùn, pé Kétu ní ọba tirẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni tẹ ìlú Ìbàdàn dó. Wọ́n á fara balẹ̀ gbọ́ mi, wọ́n á ní, "Ó ti yé wa, Ègùn." Ní Mọ́kọ́lá, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì fún mi máa ń pe àwọn aládùúgbò rẹ̀ kí wọ́n wá gbọ́ bí mo ṣe ń fa ọ̀rọ̀. Búrẹ́dì náà fúnra rẹ̀ rọ̀ bí òwú, ó sì ń dùn bíi pé wọ́n da ṣúgà sí i. Ti ọ̀dọ̀ wa gùn, ó ní èèpo líle tó ń dún lẹ́nu. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ro àròdùn búrẹ́dì ju bí mo ṣe ro ti ìyá mi lọ, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Bódìjà ni mo ń gbé, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé Bàbá Tíṣà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àgbà sì ni wọ́n nínú ìjọ Áńgílíkà. Tuntun ni gbogbo àdúgbò náà nígbà yẹn. Kò sí odi, ewéko tí wọ́n gé dọ́gba ló yí ilé kọ̀ọ̀kan ká, koríko sì wà níwájú ilé bí orí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irun tí ó tún ń hù. Àwọn ọmọ Bàbá Tíṣà ti dàgbà, wọ́n ti tú ká lọ sí Èkó àti ìlú òyìnbó. Ó ku àwọn àti Màmá, ìyàwó wọn, ó ku ajá, ó wá ku èmi.

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, mo wọ pálọ̀ láti lọ kí wọn. N kò mọ̀ pé Bódìjà ti ní ìkíni tirẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ máa ń fi ìka kan ilẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa abẹ́rẹ́, àwọn mìíràn á na ọwọ́ kí àgbà bọ̀ wọ́n. Ní ilé bàbá mi, bí àyà kò bá kan ilẹ̀, o kò tíì kí ènìyàn, o kò sì gbọdọ̀ dìde títí àgbà yóò fi ní kí o dìde. Mo da àyà délẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì wọn. Bàbá Tíṣà gbé ife tíì tó wà lọ́wọ́ wọn kalẹ̀.

"Ìyá Délé," ni wọ́n pe ìyàwó wọn, "wá wò ó. Wá wo ọmọ tí wọ́n kọ́."

Wọ́n wá di ojú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún mi. Àdúrà Bàbá Tíṣà ní ẹ̀ka, ẹ̀ka rẹ̀ sì tún ní ewé. Wọ́n gbàdúrà fún bàbá mi, fún Alákétu, fún ìjọba ilẹ̀ méjèèjì, èmi sì wà nílẹ̀ tí mo dojú kọ kápẹ́ẹ̀tì, mo ń ka òwú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe ní àràárọ̀. Bí wọ́n bá ní àlejò, wọ́n á ránṣẹ́ pè mí láti yàrá mi kí n wá kí àlejò náà, kí àwọn ará Bódìjà lè rí ohun tí wọ́n ti sọnù. Ní alẹ́, wọ́n ń pè mí sídìí oúnjẹ wọn. Wọ́n ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Mo jẹ́wọ́ pé inú mi dùn sí i. Gbogbo ohun tí mo mú wá láti ilé ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígboro, aṣọ mi, ohùn mi, orúkọ ìlú mi. Ìdọ̀bálẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni tíì rí lára mi tí ó ní ó dára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ajá náà. Òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún Bàbá Tíṣà, Jímì ni ó sì sọ ọ́. Bàbá gbà á láìbi Màmá. Wọ́n kàn mú un wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú abọ́ rẹ̀ àti aṣọ ìnura rẹ̀. Màmá kò jà. Ìyàwó àgbà ṣọ́ọ̀ṣì kì í jà. Wọ́n kàn fún ajá náà ní orúkọ tiwọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti máa ń fi ajá pa òwe fún ẹni tí wọn kò lè bú. Wọnòbimí ni wọ́n sọ ọ́. Wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́ ní Kòbimí, nítorí wọn kò fẹ́ rí ọkọ wọn fín. Láti ọdún méjì, ní àárọ̀ àti ní alẹ́, ni ohùn Màmá ti ń ti ilé ìdáná wá pé, "Wọnòbimí, wá jẹun," Bàbá á sì gbé ìwé ìròyìn bo ojú.

Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ajá náà gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì tèmi nígbà náà kò ju ti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ kíláàsì bá ti fi mí ṣe ẹlẹ́yà tán, àwa méjèèjì á jókòó lẹ́yìn ilé. Màá sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan fún un, bó bá gbọ́, mo mọ̀ pé mo sọ ọ́ dáadáa nìyẹn. Èmi náà á wá kọ́ ọ ní Faransé. Àlejò méjì ni wá nínú ilé kan, kò sì sí èyí tó ń rẹ́rìn-ín ohùn ẹnì kejì. Bí àárò ilé bá wá ń sọ mí, ó máa ń gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ mi, n kò sì ní gbé ẹsẹ̀ náà títí ẹsẹ̀ yóò fi kú tipiri.

Ajá tó mọ ilé gbé ni. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n, á lọ fi èékánná ha ilẹ̀kùn kí wọ́n ṣí i, Màmá fúnra wọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ sì jẹ́rìí pé kò sọ pálọ̀ di ẹlẹ́gbin lẹ́ẹ̀kan rí. Àfi ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé. Màmá wọ pálọ̀ láti nu àga, ẹsẹ̀ wọn tẹ omi lẹ́yìn àga ńlá. Wọ́n rò pé tíì ló dànù. Wọ́n tẹrí ba, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì pe orúkọ ajá náà ní ohùn tí mo ti gbọ́ láti yàrá mi.

Ọjọ́ kejì, ó tún ṣe é. Ọjọ́ kẹta, ó ṣe é sára kọ́tìnnì. Bàbá Tíṣà ká ìwé ìròyìn, wọ́n nà án mọ́ ilẹ̀ níwájú ajá, wọ́n sì bá a wí ní Gẹ̀ẹ́sì gígùn bí wọ́n ti máa ń bá àwọn olùkọ́ tó pẹ́ dé iṣẹ́ wí. Ajá gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì tọ̀ ní ọjọ́ kejì. Màmá da ata sí ẹ̀yìn àga, àwa ni a sín. Ìyá Aládùúrà kan tó jẹ́ aládùúgbò wa bá wa fi omi àdúrà wọ́n igun pálọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyá náà ṣe é tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, gbogbo ilẹ̀ ti tutù, a kò sì mọ èyí tí a ó nù àti èyí tí kò yẹ kí a nù.

Ni wọ́n bá pe dókítà ẹran. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó tẹ ajá nínú, ó wo ẹnu rẹ̀, ó gba ìtọ̀ rẹ̀ sínú ìgò lọ yẹ̀ wò, ó padà wá sọ pé kò sí àrùn kankan lára rẹ̀. Ó ní bí ajá tó ti mọ ìwà bá dédé bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sínú ilé, tí ara rẹ̀ sì yá, nǹkan kan ti yí padà nínú ilé náà. Ó wá béèrè ohun tó jẹ́ tuntun nílé.

Màmá wò mí. Bàbá kọ́kọ́ wo òrùlé, wọ́n wo aago, wọ́n wá wò mí pẹ̀lú. Ajá náà wò mí, ó ń ju ìrù.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ sí pósọ́fíìsì Dùgbẹ̀ láti fi tẹlifóònù pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ akọ̀wé ní Àjàṣẹ́ ti ilẹ̀ Dàhòmì, tí ọ́fíìsì rẹ̀ sì ní tẹlifóònù. Ẹ tó lè dé Àjàṣẹ́ láti Ìbàdàn, ohùn yín ní láti kọjá lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn tó ń sọ Faransé, wọn kò sì gbọ́ ara wọn. Èmi ni mo ń túmọ̀ fún wọn láàárín, mo sì ń sanwó rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé orí wáyà, ìkíni ni a fi jẹ àkókò náà tán. Mo tẹrí ba nínú àpótí tẹlifóònù náà débi pé mo forí gbá gíláàsì. Ẹ̀gbọ́n mi wá béèrè bóyá mo ti ní ọ̀rẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí. "Jímì."

"Ọmọ ibo ni?"

"Ajá ni."

Wáyà náà já níbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àwọn oníṣòwò tó ti Kétu wá jẹ́ iṣẹ́ tí ìyá mi rán sí mi. Wọ́n ní ìyá mi gbọ́ pé mo ń bá ajá sọ̀rọ̀, pé wọ́n ti ń gbààwẹ̀, pé kí n má tijú, kí n máa bọ̀ wá sílé. Mo ní kí wọ́n sọ pé mo wà dáadáa. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ta ni ó fẹ́ padà sílé kí wọ́n máa sọ pé ajá ló lé e wá?

Nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ nìyẹn. Màmá ti sọ ọ́ lórí oúnjẹ, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, pé àwọn kò lè máa fi ọjọ́ ogbó nu ìtọ̀, pé nínú ajá àti àlejò, ọ̀kan ní láti fi ilé sílẹ̀. Bàbá Tíṣà dá ọkà dúró lọ́nà ọ̀fun. Wọ́n fẹ́ràn ajá náà. Ṣùgbọ́n ajá kò lè dọ̀bálẹ̀.

Ọlọ́run wá bá mi dá sí i, nípa pípa mí lára. Àwa olùkọ́ gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ kan tí mo ti fún ní òdo nínú Faransé sì gbá ìbàdí mi dípò bọ́ọ̀lù. N kò lè tẹ̀. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ìdúró ni mo fi ń kí Bàbá Tíṣà, wọ́n sì ń bá mi kẹ́dùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, pálọ̀ gbẹ. Ìyá Aládùúrà gba ọpẹ́. Màmá gba ọpẹ́ ata wọn. Bàbá ní ọ̀rọ̀ ìyànjú tí àwọn sọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ajá létí. Oúnjẹ alẹ́ wá ń dùn, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ra nǹkan sínú yàrá mi bí ẹni tó fẹ́ pẹ́.

Nígbà tí ìbàdí mi san, mo wọ pálọ̀ ní òwúrọ̀, mo da àyà délẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú. Bàbá di ojú. Wọ́n ní àdúrà ọ̀sẹ̀ kan láti gbà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan mi ní Àjàṣẹ́ ni nǹkan lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan kàn mí ní ìgbọ̀nwọ́. Mo yí ojú. Jímì ló dúró tì mí, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n fún ayọ̀, ó ń wo orí mi, ó sì ń tọ̀.

Mo sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀. Mo ní ìdọ̀bálẹ̀ mi ni; pé bí mo bá ti nà sílẹ̀ ni ó ń ṣe é, pé a kò rí i tẹ́lẹ̀ nítorí pé èmi dojú délẹ̀, Bàbá sì dijú. Màmá ní àwọn kò tíì gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá Tíṣà kò bínú. Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Ojú wọn kàn rẹ̀wẹ̀sì bí ti ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀, pé kò sí ẹni tó gbé Bódìjà tí kì í ba ìwà jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kò rò pé ajá ni èmi yóò fi ṣe àwáwí.

Mo ṣe é síbẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, ìka ni mo fi kan ilẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Pálọ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n Màmá ní ó ti gbẹ bẹ́ẹ̀ rí kí ó tó tún tutù, pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Wọ́n ti bá ọkùnrin kan ní Àpáta sọ̀rọ̀, yóò wá mú un ní ọjọ́ Sátidé. Ohun tí ó fẹ́ fi ajá ṣe, kò sọ, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ bi í. Wọn kò pè mí sídìí oúnjẹ mọ́. Mo wá jẹ́ àlejò nínú ilé yẹn bí mo ṣe jẹ́ àlejò ní Dùgbẹ̀. Ní alẹ́, mo ń jẹ búrẹ́dì rírọ̀ nínú yàrá mi, mo ń fún ajá ní tirẹ̀, mo sì ń rò ó pé ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ràn lára mi ni mo jù nù nítorí ẹranko tí wọn yóò gbé lọ síbẹ̀síbẹ̀. Inú mi bàjẹ́ gidi.

Ọkùnrin ará Àpáta náà dé ní àárọ̀ Sátidé pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Ọmọlúàbí ni, ó ju bí mo ṣe fẹ́ kí ó jẹ́ lọ. Bó ti wọ pálọ̀ tí ó rí irun funfun Bàbá Tíṣà, ó ṣí fìlà, ó na gbalaja sílẹ̀. Bàbá, tí wọn kò tíì rí irú rẹ̀ láti ọjọ́ díẹ̀, rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n di ojú, wọ́n bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá," ni mo wí, "ẹ dákun, ẹ lajú."

N kò já lu àdúrà àgbà rí láyé mi. Wọ́n lajú. Ajá náà ti sáré jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó ń yí ọkùnrin náà po, ó ń ké fínfín, ìrù rẹ̀ ń na ẹsẹ̀ àga, omi sì ń já lábẹ́ rẹ̀ láìgbé ẹsẹ̀. Kò dà bí ẹni tó mọ̀ pé òun ń tọ̀. Ará Àpáta dìde, ó wo apá bùbá rẹ̀, ó ní ajá tí yóò máa ṣọ́ oko ni òun ń wá, kì í ṣe èyí tó ń fi ìdí sunkún. Ṣùgbọ́n kò lọ. Òun náà fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí.

Màmá kò tíì gbà. Wọ́n ní àlejò ni ajá ń ṣe é sí. Wọ́n wá yíjú sí ọkọ wọn, ojú wọn sì rí bí ojú ẹni tó ti ń dúró de nǹkan láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

"Ẹ̀yin fúnra yín ẹ dọ̀bálẹ̀, ká wò ó."

"Kí n dọ̀bálẹ̀ fún ta?"

Màmá wo pálọ̀ yíká. "Ta ló tún kù? Èmi ni mo wà níbí."

Ẹ̀rù bà mí. N kò tíì rí ọkọ tó dọ̀bálẹ̀ fún aya rẹ̀ rí, ní Kétu tàbí ní Ìbàdàn, pàápàá jù lọ ọkọ tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Bàbá Tíṣà wo ajá. Wọ́n wo okùn ọwọ́ ará Àpáta. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Orúnkún kan lọ sílẹ̀, ó dún; ìkejì tẹ̀ lé e, ó dún; ni àyà bá kan ilẹ̀, ní iwájú ẹsẹ̀ Màmá.

Ajá náà dúró díẹ̀ bíi pé ojú rẹ̀ kò dá a lójú. Ó wá fò lé Bàbá lẹ́yìn, ó ki imú bọ ẹ̀gbẹ́ ọrùn wọn, ó ń sunkún, ó ń lá etí wọn, ó sì tọ̀ sí wọn lára. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Màmá ń wo orí funfun tó wà nílẹ̀ níwájú wọn, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń wò ó.

"Ẹ dìde," ni wọ́n wí. "Mo ti gbọ́."

Bàbá kò dìde. Ẹnu wọn wà lára kápẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀. "Ọjọ́ tí mo lọ mú un, ẹrù òyìnbó yẹn ti wà nínú mọ́tò. Ó na ara rẹ̀ sílẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀ báyìí gan-an, tòun ti bàtà àti táì, ó gbá ajá mọ́ra. Mo rò pé ó ti mu ọtí ni." Wọ́n na ọwọ́ kan orí ajá náà. "Olówó rẹ̀ ló rò pé ó dé."

Màmá fi etí ìró nu ojú, wọ́n ní òórùn ìtọ̀ ló ń ta àwọn lójú. Wọ́n wọ ilé ìdáná lọ. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, a gbọ́ ohùn wọn láti ibẹ̀ pé, "Jímì, wá jẹun." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀. Ará Àpáta jẹun pẹ̀lú wa kí ó tó ká okùn rẹ̀, tí ó sì padà sí Àpáta.

Láti ọjọ́ yẹn, orí koríko iwájú ilé ni a ti ń kí ara wa. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Bàbá Tíṣà á jáde tàwọn ti ìbora wọn, Jímì á tẹ̀ lé wọn, èmi á wá da àyà délẹ̀ nínú ìrì. Ajá á yọ̀, á tọ̀ síbi tó yẹ kí ajá tọ̀ sí, Bàbá á sì gbàdúrà pẹ̀lú ojú kan ní lílà. Àwọn tó ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ máa ń dúró wò wá. Àwọn kan rò pé mo jẹ̀bi ẹ̀sùn tí kò tán ni. Nígbà tó yá, wọ́n mọ̀ wá, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìkíni o," wọ́n á kọjá. Kò sì pẹ́ púpọ̀ tí obìnrin búrẹ́dì ní Mọ́kọ́lá kò fi pe ẹnikẹ́ni wá gbọ́ mi mọ́. Ó kàn na búrẹ́dì sí mi, ó ní, "Ará Kétu, ti ajá ńkọ́?" Kò pè mí ní Ègùn. Mo ra méjì lọ́jọ́ náà.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ lọ sílé fún ìsinmi, mo dé ẹnu ìloro bàbá mi ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ ohùn wọn nínú ilé, ẹsẹ̀ mi sì kọ̀ láti wọlé. Ó ti mọ́ mi lára. Mo dúró síta, mo ń pè wọ́n pé kí wọ́n jáde wá kí n kí wọn. Wọ́n fi ọ̀pá tẹ̀ jáde, gbogbo agbo ilé sì tẹ̀ lé wọn. Mo da àyà délẹ̀ nínú eruku, tèmi ti kóòtù tí mo rà ní Dùgbẹ̀.

Bàbá mi bú sẹ́kún. Wọ́n ń pe àwọn àgbà ilé láti wá wò ó. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ní Ìbàdàn yóò bà á jẹ́, ẹ ò rí i? Inú ilé kéré lójú rẹ̀. Ìta gbangba ló ti kí mi, kí gbogbo ayé lè rí i."

N kò ṣàlàyé fún wọn. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo ń dúró kí wọ́n ní kí n dìde, mo sì ń fetí sílẹ̀ lẹ́yìn mi fún ẹsẹ̀ ajá tó ń sáré bọ̀ lórí koríko. N kò gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni omijé ti bọ́ lójú èmi náà, bàbá mi sì ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé àárò ilé ló ti ń sọ ọmọ náà láti ọjọ́ yìí.